Ọkùnrin Tó Ń Gbóòórùn Wáìnì ní Creek Road

Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná kí ẹ tó dá Gbàdàmọ́sí lẹ́jọ́. Ọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ń kó ọtí wáìnì sí ní Creek Road, l'Ápápá. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ẹ̀kán wáìnì kan ṣoṣo ò kan ahọ́n ẹ̀ rí. Mi ò sọ pé kò wù ú, mi ò sì sọ pé ó wù ú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ àlùfáà ni, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ìrun ìdájí kì í sì í bá a lórí ibùsùn.

Bó ṣe dé ibi iṣẹ́ yẹn gan-an, àṣìṣe ni. Òun àti àbúrò ẹ̀, Lùkúmọ̀n, ni wọ́n jọ kúrò n'Ísẹ́yìn pé àwọn ń bọ̀ wá wá iṣẹ́ l'Ékòó. Lùkúmọ̀n rí ṣọ́ọ̀bù wọ̀ ní Ìjọra, níbi tó ti ń ta táyà. Gbàdàmọ́sí ń rìn kọjá lọ ní Creek Road lọ́jọ́ kan, wọ́n ń já ẹrù lára tírélà, wọ́n ní kó wá bá àwọn gbé e. Ó rò pé tòmátò alágolo ni. Ìgbà tí páálí kan já bọ́, tí nǹkan pupa ń ṣàn lórí símẹ́ńtì, ni wọ́n tó sọ fún un pé wáìnì ni. Nígbà yẹn ó ti gbowó, ó ti jẹun. Ó ní òun máa ṣe é lóṣù kan péré. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí oṣù kan ṣe máa ń gùn tó l'Ékòó.

Imú ẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ẹrù gbígbé. Kọntéínà kan wọlé tó ti jókòó sínú oòrùn ní èbúté Tin Can fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí tírélà tó ráàyè gbé e jáde. Ọ̀gá wọn ṣí ìgò kan, ó bu díẹ̀ sínú gíláàsì, ó ń tọ́ ọ wò. Gbàdàmọ́sí, tó ń gbálẹ̀ lápá ibì kan, gbórí sókè.

"Ọ̀gá, èyí ti jinná," ló wí.

"Kí ló jinná?"

"Ohun tó wà nínú gíláàsì yẹn. Ó ń rùn bí ìyeyè tí wọ́n sè."

Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀. Ó ṣí ìgò márùn-ún míì láti inú kọntéínà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní kó kẹ́yìn sí òun, ó ń gbé gíláàsì wá sí i nímú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yìí ń pè wọ́n bó ṣe yẹ: eléyìí dáa, eléyìí jinná, eléyìí ìdérí ẹ̀ ti hu èbu. Kò ṣi ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kó gbé páálí mọ́. Tábìlì ni wọ́n fi sí, òun àti ọ̀wọ́ gíláàsì, wáìnì kan ò sì gbọdọ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ oníbàárà tí kò bá kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ imú ẹ̀.

Ọ̀gá yẹn ti kú. Nwakaego, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ló ń darí ilé ìkẹ́rù náà báyìí. Alhaji ló ń pe Gbàdàmọ́sí, gbogbo wọn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà tó mọ̀ kò kọjá ti ara kàlẹ́ńdà.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Nwakaego ní ó ti sú òun láti máa ta wáìnì tó jẹ́ ti ẹlòmíì. Ó fẹ́ kí oko àjàrà kan ní Stellenbosch, ní ilẹ̀ South Africa, po ọ̀kan fún òun, wáìnì pupa tó máa bá ẹnu ará Èkó mu. Èbúté ló fẹ́ sọ orúkọ ẹ̀. Oko náà fi ìgò mẹ́ta ránṣẹ́, oríṣi àjàrà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí àwọn ṣe máa pò ó pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Cabernet Sauvignon, tí àwọn ará ilé ìkẹ́rù gé kúrú sí Kabanẹ́. Èso kékeré dúdú ni, èèpo ẹ̀ nípọn. Gbàdàmọ́sí fi imú sí i, ó ní òun gbọ́ òórùn àwín, òun gbọ́ ti pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tàtàṣé tútù sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń mu ún sọ fún un pé ó máa ń fa ẹnu le. Èkejì ni Mẹ́lò. Òun rọ̀ ní tiẹ̀, ìyeyè tó pọ́n dáadáa ni òórùn ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ṣírásì, iyèré gidi àti ẹran tí wọ́n yan lórí iná igi.

Ìwé tó bá ìgò wọ̀nyẹn wá ṣàlàyé pé agbègbè Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ni Kabanẹ́ àti Mẹ́lò ti ṣẹ̀ kí ọkọ̀ òkun tó gbé wọn lọ sí South Africa, àti pé bàbá kan náà ló bí wọn, àjàrà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kabanẹ́ Fránkì. Ọbàkan ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Gbàdàmọ́sí débi pé ó ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó bá wọlé. Ti Ṣírásì ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ìlú Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Páṣíà ń jẹ́ Ṣírásì, ìlú onímọ̀ ni. Ìwé náà ní ìtàn lásán ni pé ibẹ̀ ni àjàrà náà ti wá, pé Faransé lòun náà. Gbàdàmọ́sí ò gbà. Ó ní kí wọ́n fi ìlú òun sílẹ̀ fún òun jàre.

Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ti wọnú iṣẹ́ náà gan-an ni ti oúnjẹ. Ìyàwó ẹ̀, Nusirat, a máa gbé oúnjẹ fún un nínú kúlà láti Ajégúnlẹ̀. Gbàdàmọ́sí á ṣí kúlà, á bu wáìnì sí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fi imú sí oúnjẹ, á fi sí gíláàsì, á tún padà sí oúnjẹ. Ọ̀nà tó ń gbà mọ ohun tó bára mu nìyẹn. Ó jẹ àsun, kò mu wáìnì, àmọ́ ó mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa rẹ́. Òun ló sọ fún Nwakaego pé bí Kabanẹ́ bá pọ̀ jù, ata rodo máa bá a jà, ẹnu á máa ta, kí wọ́n jẹ́ kí Mẹ́lò pọ̀ sí i láti fi tù ú. Wọ́n gbọ́ tiẹ̀. Kabanẹ́ kó ìdajì ìgò, Mẹ́lò fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta, Ṣírásì ni ìyókù. Gbogbo ilé oúnjẹ láti Apápá dé Ìkòyí ló ń béèrè Èbúté láàárín ọdún kan.

Inú Nwakaego dùn. Ó ní àwọn máa tẹ ọ̀rọ̀ Alhaji sára páálí, ní Yorùbá. Ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní kó sọ ọ́ kí òun kọ ọ́, Gbàdàmọ́sí túnra ṣe lórí àga bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ohun tó sọ nìyí: Ẹ fi àsun jẹ ẹ́, tàbí ayamáṣẹ, tàbí súyà. Ẹ má fi ẹja jẹ ẹ́, ẹnu yín á máa rùn bí irin. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ọmọbìnrin náà béèrè orúkọ tí òun máa fi sábẹ́ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un o. Ó lè ní kí wọ́n kọ Alhaji kí wọ́n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ pé Gbàdàmọ́sí, ọmọ àlùfáà, ará Ìsẹ́yìn." Wọn ò tẹ orúkọ ẹ̀ síbì kankan rí láyé ẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ummusalamah. Òun lọmọ kan ṣoṣo tó yè fún Gbàdàmọ́sí àti Nusirat, àwọn mẹ́ta ló ti lọ ṣáájú ẹ̀. Yàrá kan tí wọ́n háyà nítòsí Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìwé tó wà lára ìgò wáìnì ni bàbá ẹ̀ fi kọ́ ọ ní ABD, nítorí ìwé tó rí mú wálé nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó ti lè tọ́ka sí Faransé lára àwòrán ayé. Ó kàwé, ó jáde, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìwé báyìí. Ó sì ti rí ẹni tó máa fẹ́, Mansur, tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní Tin Can, ọmọ dáadáa, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Gbàdàmọ́sí bó bá wá sílé. Bàbá Mansur ni àlùfáà mọ́ṣáláṣí kan ní Ìjọra.

Nínú ìsìn wọn, bàbá ọmọbìnrin ló ń fi í fún ọkọ níbi yìgì. Walí ni wọ́n ń pè é. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, òun ni gbogbo èèyàn máa ń retí níbẹ̀. Gbàdàmọ́sí ti ń múra ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Ó máa ń dá sọ ọ́ láàárín àwọn páálí nílé ìkẹ́rù tí kò bá sẹ́nì kankan nítòsí: "Mo fi ọmọ mi, Ummusalamah, fún ọ ní ìyàwó." Á tún un sọ, á dín ohùn kù, á tún un sọ. Kò fẹ́ kí ohùn òun gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ló tú gbogbo ẹ̀ fó. Ẹnì kan fẹ́ ṣe sàráà dàbínù fún mọ́ṣáláṣí Ìjọra, ó wá páálí tó lágbára láti fi kó o, páálí tó rí rà ni ti Èbúté. Wọ́n gbé dàbínù síwájú àlùfáà, bàbá Mansur, ó fi awò sójú, ó ka ara páálí. Ọmọ àlùfáà. Ará Ìsẹ́yìn. Ẹ fi àsun jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, páálí náà ló gbé gun mínbárì láti wàásù. Ó ní ẹni tó ń mu ọtí, ara ẹ̀ ló ń ṣe, àmọ́ Mùsùlùmí tó jókòó tó ń kọ́ ọmọ aráyé bí wọ́n ṣe ń gbádùn ẹ̀, tó tún fi orúkọ bàbá ẹ̀ tì í, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú ẹ̀ bá àwọn tan. Mansur wà ní sàfù kejì láàárín àwọn tó ń kírun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ó mú àwọn òbí ẹ̀ wá mọ àwọn àna wọn.

Ummusalamah wá sílé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí bàbá òun jókòó.

"Mo ti jókòó, Ummu. Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí?"

Ó sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbàdàmọ́sí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà yí ìka ẹ̀ po.

"Màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀," ló wí. "Lọ́la yìí gan-an. Torí ẹ náà ni mo ṣe ń ṣe é."

"Kì í ṣe iṣẹ́ náà mọ́, Bàbá mi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lónìí, orúkọ yín ṣì wà nígboro. Orúkọ yín ni wọ́n mọ̀."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n fi ìwé ara wáìnì kọ́ ní ABD ló dìde tó ní orúkọ bàbá òun ti di ìtìjú fún òun. Ó dùn mí débi pé mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Gbàdàmọ́sí lọ bá Nwakaego láàárọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára páálí.

"Alhaji, abeg, ta ló bí yín nínú báyìí?" ni Nwakaego béèrè. Ìgbà tó gbọ́, ó mórí dání. Ó ní kọntéínà tó ń bọ̀ kò ní í ní orúkọ kankan lára.

"Èyí tó ti jáde ńkọ́?"

"Alhaji, ìyẹn ti lọ nù-un. Níbo la fẹ́ tẹ̀ lé e dé?"

Ó gbìyànjú láti tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà ọkùnrin yìí ṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọjà Boundary, ó ń ra páálí Èbúté tó ti ṣófo. Ẹ mọ páálí l'Ékòó, kì í kú. Ó bá ọ̀kan lábẹ́ búrẹ́dì, ó bá òmíràn tí ajá bímọ sí nínú ilé mẹkáníìkì. Ìyá kan tó ń kó ẹyin sínú tiẹ̀ wò ó tìyanutìyanu, ó ní, "Baba, wetin you wan use empty carton do?" Ó bá a kó ẹyin náà sínú abọ́, ó san ohun tó ní kó san, ó fa ẹ̀gbẹ́ tí orúkọ ẹ̀ wà ya, ó ká a, ó tì í sápò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó wọn sí nílé. Nusirat ń wò ó títí di ọjọ́ kẹfà.

"Bàbá Ummu, mélòó lẹ fẹ́ kó tán?" ló béèrè.

"Èyí tí mo bá rí."

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n tẹ̀."

"Mo mọ̀."

Nusirat jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

Nígbà tó yá, Lùkúmọ̀n bá Ummusalamah wá sílé. Lùkúmọ̀n ò tiẹ̀ jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mo ti lọ bá àlùfáà. Èmi ni màá dúró bíi walí. Wọ́n ti gbà, wọ́n ti mú ọjọ́."

"Kí lo sọ fún wọn nípa mi?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Gbàdàmọ́sí wo ọmọ ẹ̀. Ọmọ ń wo ilẹ̀. Nusirat fa ìbínú yọ, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ò ní í dé Ìjọra, kí wọ́n wá ìyá míì háyà. Gbàdàmọ́sí ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọmọ ò gbọdọ̀ pàdánù òbí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ló wá bi Ummusalamah bóyá òun lè wá.

"Ẹ wá o, Bàbá mi," ni Ummusalamah wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ṣáà jókòó láàárín àwọn ará àdúgbò."

Ará àdúgbò. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ó ní kò burú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so yìgì. Gbàdàmọ́sí wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ó jókòó lórí àga onírọ́bà lábẹ́ kánópì tó wà níta mọ́ṣáláṣí, ní ìlà tó kẹ́yìn. Ó ń rí iwájú dáadáa. Ó rí Mansur lórí ẹní, tó sorí kọ́. Ó rí Nusirat láàárín àwọn obìnrin, Ummusalamah lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fi ìbòrí bojú. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀, pé ojú òun náà ṣáà rí i.

Àlùfáà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ta ni walí ọmọbìnrin yìí?"

Lùkúmọ̀n dìde. "Èmi ni, Àlùfáà. Àbúrò bàbá ẹ̀ ni mo jẹ́."

"Bàbá ẹ̀ gan-an ńkọ́?"

Ètè Gbàdàmọ́sí ti ń wí ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí kó tó mọ̀. Ó rò pé wọ́n máa ní ara ẹ̀ ò yá, tàbí pé ó rìnrìn-àjò.

"Ó ti jáde láyé, Àlùfáà," ni Lùkúmọ̀n wí. "Ó ti pẹ́."

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ẹni tó ti kú tipẹ́ ò lè jẹ́ Gbàdàmọ́sí ara páálí. Bó bá sì ti kú, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí àbúrò fi dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà fi lè gún nìyẹn, Lùkúmọ̀n ti rò ó dáadáa, Mansur tó mọ̀ ọ́n lójú sì ti gbà láti pa á mọ́. Ó wo ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀, bóyá ó máa gbórí sókè. Kò gbé e. Nusirat ló ń dìde dúró, ẹnu ẹ̀ ti là. Gbàdàmọ́sí mirí sí i láti òkèèrè, lẹ́ẹ̀mejì, títí obìnrin náà fi jókòó padà.

Àlùfáà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ohùn ẹ̀ dára, ó sì fi tọkàntọkàn ṣe é. Ó ní kí Ọlọ́run fi orí jin bàbá ọmọ yìí, kí ó fẹ sàréè ẹ̀ lójú, kí ó ṣe é ní ẹni Àlùjáńnà, kí ó jẹ́ kí ayọ̀ ọjọ́ òní tó o létí níbi tó bá wà. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Gbàdàmọ́sí náà gbé ọwọ́ sókè, ó ṣe àmín pẹ̀lú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àdúà fi parí. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ pa ojú, tiẹ̀ ti rin fún omijé.

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ pé ẹ mọ olóògbé náà."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Ọmọ yẹn nìkan ló ní."